Fèrè Tí Kò Bá Ẹrù Ìpà Lọ

Ẹ jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wúkọ́ báyìí. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, agbè omi wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. N kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì.

A gbé ẹrù ìpà Ògúnmọ́dẹdé lọ sígbó láàárọ̀ yìí. A sun ìrèmọ̀jé fún un. A kó gbogbo ohun ọdẹ rẹ̀ sí ìdí igi àràbà, bí a ti ń ṣe fún ọdẹ tó bá kú, kí ó lè kúrò lẹ́gbẹ́ àwa alààyè, kí ó sì ríbi gbà lọ. A kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí a délé tí a ń ṣan ẹsẹ̀, ọmọ rẹ̀, Ògúnbíyìí tó jókòó sórí ẹní yìí, bi mí ní ọ̀rọ̀ kan. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹni tó kú tún ń mọ nǹkan?"

N kò dá a lóhùn. Mo ní kí ó lọ pe gbogbo yín wá. Irú ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti etí kan.

Èmi Ọdẹ́rìndé ti pa erin méjì. Ẹfọ̀n tí mo pa, n kò ka iye rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe fáàrí níwájú ìyàwó yín, ẹ rọra. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn erin ni mo fẹ́ sọ lónìí. Àṣìṣe mi ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí mọ Ọdẹ́sànyà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò mọ̀ ọ́n. Èmi àti rẹ̀ la jọ ń dẹ igbó. Ó ga, ó pupa, ó máa ń sọ̀rọ̀ jù. Èmi kì í sọ̀rọ̀, nítorí náà a bá ara wa mu. Nínú igbó, fèrè la fi ń mọ ibi tí ẹnì kejì wà. Ìwo ẹtu kan ṣoṣo la fi ṣe fèrè méjèèjì: ìwo ọ̀tún jẹ́ tirẹ̀, ìwo òsì jẹ́ tèmi. Bí mo bá fọn méjì, òun á dáhùn ọ̀kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: mo wà níbí, mo gbọ́ ọ. Ọdún méjìlélógún la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí mo fọn méjì tí kò dáhùn.

Àìsàn inú ló dá a dùbúlẹ̀. Mo jókòó tì í. Ẹ̀rù ń bà á, kì í sì í ṣe nítorí ìrora.

Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, ṣé o ti wo ojú ẹtu nígbà tó ń kú rí?"

"Mo ti wò ó."

"Ohun tó wà nínú ojú yẹn tẹ́lẹ̀, níbo ló ń lọ?"

"N kò mọ̀."

"Èmi náà kò mọ̀. Ó jọ pé ọ̀la ni n ó mọ̀. Gbọ́. Bí mo bá dé ibẹ̀, tí mo ṣì mọ̀ pé èmi ni, n ó sọ fún ọ. Fọn méjì. Bí mo bá wà, n ó dáhùn ọ̀kan."

"Bí o kò bá dáhùn ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ nìyẹn. Kí ìwọ tètè máa jẹ ẹran tó dára."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Èmi ni mo di ẹrù ìpà rẹ̀. Ìbọn, àdá, ọfà, apó, àpò awọ, ẹ̀wù ìdẹ̀gbẹ́, gbogbo rẹ̀ ni mo kó síbẹ̀. Fèrè nìkan ni mo yọ. Mo rò ó pé bí mo bá fọn fèrè tirẹ̀ gan-an, yóò mọ ohùn rẹ̀ ju ohùn tèmi lọ. Mo pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n. Ẹ mọ òfin wa pé ohun ọdẹ kan kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo kàn rò pé àwọn tí kò ní ìdí pàtàkì ni òfin wà fún.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń lọ sí etí igbó. Mo ń fọn méjì, mo ń dúró. Mo ń gbọ́ ẹyẹ. Mo ń gbọ́ ewé. N kò gbọ́ ọ̀kan. Nígbà tí ọdún kẹta ń parí lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ń jẹ ẹran tó dára. Kò dùn.

Ní àkókò náà ni ìyàwó ọmọ Ọdẹ́sànyà bímọ. Ọkùnrin ni. Ọmọ náà ń mí, ara rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n kò sunkún. Kò lajú. Kò mu ọmú. Wọ́n wọ́n omi sí i lára, wọ́n gbá a nídìí, wọ́n pè é títí, kò jẹ́. Òwú ni wọ́n fi ń kán omi sí i lẹ́nu. Ní ọjọ́ kejì, Ṣijúwadé, opó Ọdẹ́sànyà, wá bá mi. Obìnrin tí kì í bẹ̀bẹ̀ ni. Mo ní kó jókòó, kò jókòó.

Ó ní, "Ilé ti wà, onílé ni kò wọlé."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Mo lálàá rí ọkọ mi. Ó jókòó sórí ẹrù, ó ń na ọwọ́ òfìfo sí mi. Ẹ̀yin lẹ di ẹrù náà. Ṣé ó pé?"

N kò lè wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Ó ku fèrè."

Ó wá ní, "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin làgbà ọjà, ẹ̀yin náà lẹ tún wọ́ orí ọmọ. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí ìkómọ tó pé. Ọmọ tí kò mu ọmú kò lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ lọ tún un ṣe."

"Ṣé kí n lọ gbé e sí ìdí àràbà?"

"Ta ni yóò padà wá gbé e níbẹ̀? Ẹni tó ti kọjá? Ẹ lọ fi lé e lọ́wọ́."

Mo mú fèrè méjèèjì. Mo mú omi. Mo lọ.

Ibi tí a ti ń sọ ẹrù ìpà kalẹ̀ ni a ti ń yí padà. Gbogbo ọdẹ ìlú yìí ló ti ń yí padà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Mo dé ìdí àràbà, mo kí àwọn tó ti lọ, n kò yí padà. Ẹ má bi mí bí ọ̀nà náà ṣe gùn sí. Ọ̀nà ni. Ẹsẹ̀ ló rìn ín.

Igbó àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, ohùn kò sí níbẹ̀. Mo tẹ igi gbígbẹ, kò dún. Mo pàtẹ́wọ́, kò dún. Iwin kan jókòó sójú ọ̀nà. Etí kan ṣoṣo ló ní, ó fẹ̀ bí atẹ tí a fi ń fẹ́ ọkà. Gbogbo ohùn igbó náà ló ti kó sínú etí yẹn, ó wá fi ewé dí i kí ó má baà dànù.

Ó ní, "Ẹlẹ́ran ara, kí lo wá ṣe lójú ọ̀nà àwọn tó ti bọ́ ara sílẹ̀?"

Ó yá mi ní ohùn díẹ̀ kí n lè fèsì. Mo ní, "Mo wá dá ohun olóhun padà."

"Olè ni ọ́ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó yà á lẹ́nu. Ó jọ pé àwọn tó ń kọjá níbẹ̀ máa ń ṣàlàyé gígùn. Ó ní, "N ó pa àlọ́ kan fún ọ. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, n ó gba ohùn rẹ."

"N kì í fi ṣe nǹkan púpọ̀."

"Bí mo bá gba ohùn tán, n ó gba èémí."

"Pa àlọ́ rẹ."

"Ọkùnrin kan ń jáde kúrò nílé rẹ̀ lójoojúmọ́. Kò tìlẹ̀kùn. Kò mọ ìgbà tó jáde, kò mọ ibi tó lọ. Nígbà tó dé, ó kàn bá ara rẹ̀ nínú ilé ni, ó sì mọ̀ dájú pé ilé òun ni. Ta ni?"

Mo rò ó. Mo rántí bí mo ṣe ń gbìyànjú, nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, láti mọ ìgbà tí oorun ń gbé mi. Èmi tí mo ń mú òkété láàyè, n kò rí oorun mú rí.

Mo ní, "Ẹni tó sùn ni."

Iwin náà mi etí rẹ̀. Ó ní, "Nígbà tó jáde, ta ló bá a ṣọ́ ilé?"

"Ìyẹn kò sí nínú àlọ́ rẹ."

"Mo mọ̀. Èmi náà ni n kò mọ̀ ọ́n, ló jẹ́ kí n máa bi àwọn èrò. Bí o bá gbọ́ ọ níwájú, bá mi gbé e bọ̀."

Ó ṣí ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà. Mo kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ara yín, ẹ ro ọ̀rọ̀ yẹn wò kí a tó tẹ̀síwájú. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún tí mo ti ń sùn. Àràárọ̀ ni mo ń jí, tí mo sì jẹ́ ẹni tó sùn. Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Mo kàn mọ̀ ni.

Ìlú tí mo dé lẹ́yìn igbó náà, ìlú àwọn àkúdàáyà ni. Àwọn tó kú níbì kan tí wọ́n tún ń gbé ibòmíràn ni mò ń wí, pẹ̀lú ara wọn àti orúkọ wọn. Wọ́n kọ́lé. Wọ́n dáko. Wọ́n ń jà sí ààlà bíi tiwa. Ohun kan ni èèwọ̀ ibẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ti wá. Èmi kò mọ̀. Mo rí bàbá kan tó ń kọ ebè, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ará ibo ni yín?" Ó pòórá. Ọkọ́ rẹ̀ ló kù tó jábọ́ sílẹ̀. Mo rí obìnrin kan tó ń ṣẹ́gi, mo bi í bóyá ó mọ ibi tí bàbá náà lọ àti ibi tí òun náà ti wá. Igi ló kù.

Ẹnì kan kígbe mọ́ mi láti abẹ́ igi òdán. "Ìwọ ọdẹ aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí! Ìlú mélòó lo fẹ́ fi ẹnu tú ká?"

Obìnrin tó ń hun ẹní ni. Mo lọ bá a. Ó ní, "Àwẹ̀ró lorúkọ mi. Má bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo ní, "Ìbéèrè mìíràn ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé ẹ̀yin ará ibí ṣì mọ̀ pé ẹ̀yin ni?"

"A mọ̀. Kò sí ohun tí a gbàgbé. Mo mọ iye ẹ̀fọ́ tí mo já lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dáná lọ́dọ̀ ọkọ. Mo mọ orúkọ ewúrẹ́ ìyá mi."

Inú mi dùn. Mo ní, "Á jẹ́ pé ikú kò mú nǹkan lọ."

"Wo ẹní yìí. Ṣé ó dára?"

"Ó dára."

"Òun ni mò ń hun lọ́jọ́ tí mo kú. Bí mo bá hun ún kù díẹ̀ kó parí, á tú. N kò lè hun òmíràn. Kò sí ẹni tó tíì dá orin tuntun ní ìlú yìí. Àwọn ọmọ wa kì í dàgbà. Ohun tí a gbé wá náà la ní. Àwa ni àwọn tó kọ̀ láti sọ ẹrù kalẹ̀ ní bodè."

"Kí ló dé tí ẹ fi kọ̀?"

"Ẹ̀rù ni. Wọ́n ní kí n gbàgbé kí wọ́n tó tún mi bí. Mo ní bí mo bá gbàgbé, ta ni wọ́n wá bí?"

Ó bu iṣu sísun fún mi. Bí mo ṣe na ọwọ́, ó gbá iṣu náà mọ́lẹ̀. Ó ní, "Má jẹ ẹ́. Ẹni tó bá jẹ oúnjẹ wa kò ní lè lọ mọ́."

"Kí ló dé tí o fi bù ú fún mi?"

"Ìyá mi kọ́ mi pé a kì í rí àlejò kí a má fún un ní nǹkan. Mo ti sọ fún ọ pé n kò gbàgbé ohunkóhun."

Mo dìde. Ó pè mí padà. "Bí o bá dé bodè, sọ fún ìyá tó wà níbẹ̀ pé Àwẹ̀ró ń rò ó."

"Ó ń ro kí ni?"

"Òun á mọ̀."

Ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ bodè á rò pé irin ni, tàbí iná. Aṣọ ni. Aṣọ kan ni wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà, bí ti yàrá tí obìnrin ti ń bímọ. Ìyá arúgbó kan jókòó síwájú rẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè bí agbẹ̀bí. Àwọn òkú ń dé pẹ̀lú ẹrù lórí. Bí ẹrù bá pé, ẹni tó rù ú á sọ ọ́ kalẹ̀, ìyá náà á fi omi bọ́ ọ lójú, òkú náà á sì wọlé. Láìpẹ́, mo máa ń gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun lókèèrè, lẹ́yìn aṣọ. Bí ẹrù kò bá pé, kò ṣeé sọ̀. Ohun tó kù lọ́wọ́ alààyè á máa fà á.

Ọdẹ́sànyà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, okùn ẹrù rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó pariwo.

"Ẹ wò ó! Ẹ wá wo olè!"

Mo ní, "Ọdẹ́sànyà."

"Má pè mí! Ọdún mẹ́ta! Ọdún mẹ́ta lo fi ń fọn fèrè sí mi létí bí ẹni tó ń dá ẹyẹ lẹ́kun lóko. Fíì, fíì! Mo gbọ́! Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti gbọ́! Kí lo fẹ́ kí n fi dáhùn? Imú?"

"O lè ké."

"Mo ké títí gbogbo òkú fi ní kí n panu dé. Fèrè mi wà lẹ́nu rẹ, ìwọ tó gbọ́n ju ìjàpá lọ!"

Mo dúró síbẹ̀. Ó ti gbọ́. Ní gbogbo ìgbà tí ẹran kò dùn lẹ́nu mi, ó ń gbọ́. Ohun tó yẹ kó fi dá mi lóhùn ni mo fi ń pè é.

Mo ní, "Má bínú." Ó ní òun kò gbọ́. Mo tún ní, "Má bínú." Ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀mejì láyé mi.

Mo gbé fèrè rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Mo mú tèmi, mo fọn méjì. Ó dáhùn ọ̀kan. Ọdún mẹ́ta ló fi pẹ́. Ó dé.

Ìyá agbẹ̀bí gbójú sókè. Ó ní, "Ẹrù ti pé. Ilé kan ti ṣí sílẹ̀ fún ọ láti ọjọ́ yìí. Dìde."

Ọdẹ́sànyà kò dìde. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Ìyá, bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, ṣé èmi ni yóò jí lọ́hùn-ún?"

"Ẹrù ni mo ní kí o sọ̀. N kò ní kí o sọ ara rẹ kalẹ̀."

"Kí ló fi yàtọ̀? Gbogbo ohun tí mo mọ̀ wà nínú ẹrù yìí. Ọkùnrin yìí wà nínú rẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Ọdẹ́rìndé, ìlú àwọn àkúdàáyà kò jìnnà. Wọ́n ní ẹran wà níbẹ̀. Bí èmi àti ìwọ bá jọ lọ ńkọ́? Fèrè méjì wà lọ́wọ́ wa."

N ó sọ òtítọ́ fún yín. Mo fẹ́ gbà. Ilé mi dákẹ́ nígbà náà, bó ṣe dákẹ́ lónìí. Ọ̀rẹ́ mi ló jókòó yìí, ó ń bú mi bó ṣe máa ń bú mi. Ẹsẹ̀ mi ti yà díẹ̀. Ọmọ yẹn ló fà á padà.

Mo ní, "Ẹtu kan náà ni wọ́n ń pa níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ kan wà nílé rẹ tí kò tíì sunkún. Òwú ni Ṣijúwadé fi ń kán omi sí i lẹ́nu."

"Ṣijúwadé. Báwo ló ṣe wà?"

"Kò jókòó nígbà tó wá bá mi."

"Á jẹ́ pé inú ń bí i."

"Gan-an."

Ó rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, kò jọ̀wọ́ okùn ẹrù. Mo jókòó tì í, bí mo ṣe jókòó tì í lọ́jọ́ tó ń kú. Lọ́jọ́ yẹn, n kò mọ ohun tí n ó sọ. Ní báyìí, mo ti rí nǹkan kan lọ́nà.

Mo ní, "Nígbà tí a bá sùn sígbó, o máa ń hanrun."

"Irọ́ ni."

"O máa ń hanrun. O kì í sì í mọ ibi tí o wà. Ejò lè gorí ikùn rẹ. Síbẹ̀, o máa ń sùn wọra. Kí ló dé tí ẹ̀rù kì í bà ọ́?"

Ó rò ó. Ó ní, "Ìwọ lò ń ṣọ́ mi."

"Bí o bá jí, ṣé ìwọ náà kọ́ ni?"

"Èmi ni."

"N ó ṣọ́ ọ."

Ó wò mí pẹ́. Ìyá agbẹ̀bí ní, "Wọ́n ń sọ láyé yín pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n èwo nínú yín ló ná ọjà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀?"

Ọdẹ́sànyà dìde. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì fi fèrè lé e lórí. Ó ní, "Fọn méjì." Ìyá náà bọ́ ọ lójú. Nígbà tí Ọdẹ́sànyà tún gbójú sókè, ó rí mi, ó rọra tẹrí ba bí ẹni tó pàdé àgbà lọ́nà. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá."

Kò mọ̀ mí mọ́. Ó wọlé.

Mo ti dúró níwájú ẹfọ̀n tí ọta ìbọn mi kò bà. Ìyẹn rọrùn ju èyí lọ.

Kí n tó yí padà, mo jẹ́ iṣẹ́ Àwẹ̀ró. Ìyá náà ní, "Sọ fún un pé aṣọ ni mo ta sẹ́nu ọ̀nà yìí. N kò fi ilẹ̀kùn sí i." Mo dé ìlú náà, mo sọ fún un. Ó jókòó títí oòrùn fi yẹ̀ kúrò lórí òdán. Lẹ́yìn náà, ó hun ìlà kan tó kù. Ẹní náà kò tú. Ó ká a, ó gbé e lé mi lápá. Ó ní, "Tẹ́ ẹ síbi tí ọmọ tuntun bá wà." Ó gba ọ̀nà bodè lọ. Kò gbé nǹkan kan dání.

Mo bá iwin elétí kan níbi tí mo fi í sí. Mo ní, "Mo ti gbọ́ èsì rẹ. Ẹni tó bá wà lójúfò ló ń ṣọ́ ilé fún ẹni tó sùn. Bí onítọ̀hún bá jí, wọ́n á pààrọ̀."

Ó ní, "Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ ni?" Ó yọ ewé létí. Gbogbo igbó dún lẹ́ẹ̀kan náà.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ ni mo wọ̀lú. Ilé Ọdẹ́sànyà dákẹ́. Wọ́n ti gbé omi, oyin, iyọ̀ àti orógbó kalẹ̀ fún ìkómọ, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ṣijúwadé dúró, ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà. Ọmọ náà ti fẹ́lẹ́ bí ewé.

Ṣijúwadé ní, "Ẹ rí ọkọ mi?"

"Mo rí i."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí n fọn."

Mo tẹ́ ẹní Àwẹ̀ró sílẹ̀. A gbé ọmọ sórí rẹ̀. Mo mú fèrè ìwo òsì, mo fọn méjì.

Mo gbọ́ ẹyẹ. Mo gbọ́ ewé.

Ọmọ náà ké. Ẹ̀ẹ̀kan ni, ó gùn, ó sì gé e. Ó lajú. Ó ń fi ẹnu wá ọmú kiri.

Gbogbo ilé bú sẹ́kún. Aládùúgbò kan ní, "Bàbá ọdẹ yìí ti fi fèrè já ọmọ láyà." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá ọmọ tó wà níbí, ẹ wí fún mi: ṣé ọmọ tí a já láyà máa ń ké ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kó dákẹ́? Ṣijúwadé jókòó.

Babátúndé la sọ ọmọ náà. Òun ló fẹ̀yìn ti òpó lọ́hùn-ún yẹn, tó ti ń hu irùngbọ̀n. Ó ga, ó pupa, ó máa ń sọ̀rọ̀ jù. Mo ti bi í rí bóyá ó rántí ohunkóhun. Ó ní, "Rárá, bàbá àgbà. Ṣùgbọ́n bí a bá sùn sígbó, tí mo bá ti mọ̀ pé ẹ wà nítòsí, mo máa ń sùn wọra." Ó ń hanrun. Mo sì ń ṣọ́ ọ.

Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. N kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní báyìí, Ògúnbíyìí. Bàbá rẹ ní ọ̀bẹ kan tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ìwo ìgalà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń di ẹrù rẹ̀. N kò rí ọ̀bẹ náà. Mo sì rí i pé àpò rẹ wúwo sí ẹ̀gbẹ́ kan láti àárọ̀. N kò pè ọ́ lólè. Ohun tí o ṣe, mo ti ṣe é ṣáájú kí a tó bí ọ. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Oòrùn ṣì wà lókè. Ìdí àràbà kò jìnnà, bàbá rẹ kò sì tíì rìn jìnnà. Dìde.

Ẹ yà fún un. Ẹ má wò ó lójú.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ wo fèrè yìí dáadáa. Lọ́jọ́ tí ẹ bá di ẹrù mi, òun ni kí ẹ fi sókè pátápátá, níbi tí ọwọ́ mi á ti tètè bà á. Babátúndé, lọ pa ẹtu kí o gbẹ́ tìrẹ. Bí wọ́n bá bí ọmọ tuntun sí agbo ilé mi, kí o fọn méjì. Kí gbogbo yín dákẹ́, kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

N ó dáhùn. Ẹ kàn ti mọ̀ mí: n kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì.